Aṣọ Ni À Ń Kí Kí A Tó Kí Ènìyàn: Ìtàn Ìmúra Sí Àwùjọ

Ẹ̀yin ọmọ Odíderẹ́ nílé àti lẹ́yìn odi, àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Aṣọ ni à ń kí kí a tó kí ènìyàn." Àwọn àgbà yìí kan náà ni ó sì wí pé, "Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá." Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò ta ko ara wọn. Mo fẹ́ kí a gbé wọn yẹ̀ wò, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìlú wa tí ó ti jáde ní Yunifásítì Bowen àti ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga mìíràn ni kì í yọjú sí ìpàdé àwọn oníṣẹ́ ẹgbẹ́ wọn, níbi tí wọn ì bá ti rí ẹni tí yóò fi ọ̀nà hàn wọ́n. Bí a bá bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀, wọn a ní àwọn kò ní aṣọ.

Ní ayé àwọn baba ńlá wa, a kì í wọ aṣọ oko lọ sí àwùjọ. Aṣọ òfì ni ti àwùjọ: sányán, tí a fi sẹ́dà kòkòrò inú igbó wa hun, àlàárì pupa, tí sẹ́dà rẹ̀ máa ń ti Tìrípólì la aṣálẹ̀ kọjá wá sí Kánò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, àti ẹtù, tí a ń rẹ òwú rẹ̀ sínú aró títí yóò fi dúdú. Fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́, tí ó fẹ̀ tó bí ínǹṣì 4, ni ahunṣọ ń hun; aránṣọ ni yóò tò ó pọ̀ di agbádá. Nígbà tí ẹ̀sìn Ìsìláámù sì fìdí múlẹ̀ ní Ìwó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ní ìgbà Olúwo Mómódù Lámúyẹ, láwàní di àmì ẹni tí ó mọ kéú.

Òyìnbó dé, ọ̀rọ̀ yí padà. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó àti Sàró gbà pé kóòtù dúdú àti táì nìkan ni ó yẹ ẹni tí ó mọ ìwé, bí oòrùn tilẹ̀ ń jó wọn. Ní ọdún 1887, àwọn kan ní Freetown dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti tún ọ̀rọ̀ ìmúra ṣe. Ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn ni olùkọ́ kan tí òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, tí ó pa orúkọ William Davies tì ní ọdún náà, tí ó sì di Orishatukeh Faduma. Ní Èkó, àlùfáà Onítẹ̀bọmi tí à ń pè ní David Vincent di Mojola Agbebi ní ọdún 1894. Aṣọ Yorùbá ni ó ń wọ̀, ìbáà ṣe nílé, ìbáà ṣe ní òkè òkun. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ó lọ bá àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ayé sọ̀rọ̀ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní ọdún 1911, níbi àpérò ńlá ti gbogbo ẹ̀yà ènìyàn.

Ti Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta tún kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ mìíràn. Olùkọ́ ni òun náà. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé tí ó ń darí ṣílẹ̀kùn fún àwọn ìyá ọlọ́jà, ó sì di Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta ní ọdún 1946. Ó rí i pé gáùn òyìnbó ń ya òun nípa sí àwọn ìyá wọ̀nyí, ó sì pa á tì, ó gba ìró, bùbá àti gèlè. Nígbà tí ó lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní ọdún 1947, aṣọ Yorùbá náà ni ó wọ̀ lọ.

Ẹ wo ohun tí ìtàn méjèèjì ń wí. Agbebi kò yá iyì ẹlòmíràn wọ̀. Ìyáàfin náà kò wọ ohun tí yóò lé ènìyàn sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá mú méjèèjì lò ti múra dáadáa.

Èmi fúnra mi fi ìtìjú kọ́ ọgbọ́n yìí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, mo yá kóòtù lọ sí àpérò. Apá rẹ̀ gùn dé ọmọ ìka mi. Títí ilẹ̀ fi ṣú, ọwọ́ ni mo ń fi pamọ́, n kò sì kí ẹnikẹ́ni. Ní ọdún kejì, bùbá àti ṣòkòtò àǹkárá tí mo fọ̀, tí mo sì lọ̀ dáadáa, ni mo wọ̀. Bàbá kan tí ó jókòó tì mí béèrè ẹni tí ó rán an. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, òun ni ó sì fi ìwé kíkà ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ wa ní ìparí ọdún náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ má ṣe jẹ gbèsè nítorí aṣọ. Ẹ béèrè irú àwùjọ tí ó jẹ́. Ẹ fọ aṣọ, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ nu bàtà, ẹ gé èékánná. Kí aṣọ náà bá ara yín mu, kí ẹ lè gbàgbé rẹ̀, kí ẹ sì kọjú sí ènìyàn. Ìpàdé ẹgbẹ́ ìlú wa kò béèrè sányán lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin gan-an ni a ń wò lọ́nà.