Bí Ìdíje Bá Kú, Ǹjẹ́ Ife Rẹ̀ Kú Bí?

Ní ojú ewé bí èyí ni a máa ń sọ ìtàn oyè, ìtàn ilẹ̀ àti ìtàn àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀dó. Lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni a gbé wá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Ọ̀rọ̀ ìrántí ni, ọ̀rọ̀ ìrántí kò sì kéré níbikíbi.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ yìí kò ju àríyànjiyàn kan lọ. Lẹ́yìn ìpàdé kan, bí àwa díẹ̀ ti jókòó tí a ń tàkúrọ̀sọ, bàbá kan nínú wa bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ife tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Stationery Stores gbà nígbà ayé rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Bàbá, ẹ má bínú o, ẹgbẹ́ tí kò sí mọ́ kò ní ife. Ẹ sọ ti ẹgbẹ́ tó wà láàyè fún wa." Bàbá náà dákẹ́, kò sì tún sọ nǹkan kan títí a fi túká. Ìdákẹ́ yẹn ni ó dùn wá jù. A wá bi ara wa léèrè pé: bí ìdíje kan bá kú, tàbí tí ẹgbẹ́ tó borí nínú rẹ̀ bá túká, ǹjẹ́ ife náà bá a kú bí?

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní ọdún 1945 ni ìdíje tí wọ́n ń pè ní Ife Gómìnà bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa, ẹgbẹ́ Marine ti Èkó ni ó sì kọ́kọ́ gbà á. Lẹ́yìn wọn ni àwọn Rélùwéè Èkó dé, tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ife náà di ohun ìní wọn. Wọ́n gbà á ní 1946, 1948, 1949, 1951, 1956, 1957 àti 1964. Ìgbà méje lápapọ̀. Òṣìṣẹ́ ni àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù yìí. Ibi iṣẹ́ ni ẹgbẹ́ ti ń jáde nígbà náà: Rélùwéè, Marine, báǹkì, ọlọ́pàá, àti ECN tó ń pèsè iná mànàmáná. ECN gba ife náà ní 1960, ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira, ó sì tún gbà á ní 1965 àti 1970. Láti ibi iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń lọ sí pápá, kò sì sí ẹni tó ń sọ wọ́n di ọlọ́rọ̀ nítorí bọ́ọ̀lù.

Orúkọ ìdíje yìí kò dúró sójú kan. Láti Ife Gómìnà, ó di Challenge Cup, ó tún ti di Federation Cup lẹ́yìn ìgbà náà. Okùn kan náà ni, kókó tí wọ́n ń ta sí i ni ó ń yàtọ̀. Síbẹ̀, béèrè lọ́wọ́ ọ̀dọ́ mẹ́wàá tó ń wo bọ́ọ̀lù lónìí iye ìgbà tí Rélùwéè gba ife yìí, bóyá ni ẹyọ kan yóò lè sọ ọ́. Wọ́n gbọ́ orúkọ tuntun, wọ́n sì rò pé nǹkan tuntun ni.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ líìgì rí. Ní 1972 ni líìgì gbogbo orílẹ̀-èdè wa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ mẹ́fà, Mighty Jets ti Jos sì ni ó kọ́kọ́ gbà á. Ní 1990 ni wọ́n sọ ọ́ di líìgì àwọn tó fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Àwọn kan wà tí wọ́n fẹ́ kí a máa ka líìgì láti 1990 nìkan, bí ẹni pé kò sí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù kí ó tó di ọdún náà. Bí a bá gbà bẹ́ẹ̀, a ó pa gbogbo líìgì tí Rangers ti Enugu gbà ní 1974, 1975, 1977, 1981, 1982 àti 1984 rẹ́. A ó pa ti Shooting Stars ti Ìbàdàn ní 1976, 1980 àti 1983 rẹ́ pẹ̀lú. Àwọn Racca Rovers ti Kano, tí wọ́n gba líìgì ní 1978, kì bá ní ibì kankan tí a ti lè rántí wọn mọ́.

Ẹ wo Teslim Balogun, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní "Thunder". Ó wà lára àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù fún Rélùwéè. Ní 1955 ó lọ sí Peterborough ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ti ibẹ̀ lọ sí Queens Park Rangers. Pápá ìṣeré tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Sùúrùlérè ṣí ní 2007. Ojoojúmọ́ ni a ń kọjá níwájú pápá náà. A mọ orúkọ tó wà lára ògiri, ṣùgbọ́n àwọn ìdíje tó sọ ẹni náà di ẹni à ń fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá ti bọ́ sílẹ̀ lọ́kàn wa.

Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀nà méjì ni àwa ará Ìjẹ̀gùn fi ní ìpín. Kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí olú-ìlú rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, ni agbègbè wa wà. Nígbà tí Ibadan Lions gba Challenge Cup ní 1959, 1961 àti 1966, tiwa ni. Nígbà tí Stationery Stores gbà á ní 1967, a ti di ará Ìpínlẹ̀ Èkó, tiwa náà ni. Ìlú tó ní irú ogún báyìí kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò sọ pé kò níye lórí.

Olóyè Israel Adebajo ni ó dá Stationery Stores sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà gba Challenge Cup ní 1967, 1968, 1982 àti 1990, ó sì gba líìgì ní 1992. Nígbà tí Nàìjíríà lọ sí ìdíje Òlíńpíìkì ní Mẹ́síkò ní 1968, ọ̀pọ̀ nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù wa ló ti inú Stores wá. Àwọn ni ó ta ọ̀mì ayò 3 sí 3 pẹ̀lú Bùràsíìlì. Ní 1981, Stores dé àṣekágbá ìdíje àwọn tó gba ife ní Áfíríkà, Union Douala ti Kamẹrúùnù ni ó sì borí wọn. Kò pẹ́ lẹ́yìn líìgì 1992 tí ẹgbẹ́ náà fi ṣubú kúrò láàárín àwọn àgbà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pẹ bá wó lónìí, ẹmu tí a ti dá lórí rẹ̀ lánàá kò di omi.

Ìdíje àwọn tó gba ife ní Áfíríkà tí a dárúkọ yìí gan-an ti di ohun àtijọ́. Ní 1975 ni ó bẹ̀rẹ̀, Tonnerre ti Yaoundé ni ó kọ́kọ́ gbà á. Ní ọdún kejì, 1976, IICC Shooting Stars na Tonnerre yìí kan náà ní 4 sí 1 ní Ìbàdàn. Bí wọ́n tilẹ̀ pàdánù pẹ̀lú ayò kan ní Yaoundé, ayò 4 sí 2 ni àpapọ̀ rẹ̀. Ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan kò gba ife Áfíríkà rí kí ó tó di ọjọ́ náà. Rangers tún gba ife kan náà ní 1977, BCC Lions ti Gboko sì gbà á ní 1990. Ní 2003 ni wọ́n gbá a kẹ́yìn. Ẹgbẹ́ Èkó ni ó wà níbi ìsìnkú rẹ̀: Julius Berger borí Étoile du Sahel ti Tùnísíà pẹ̀lú ayò 2 sí òdo nílé, wọ́n sì pàdánù ní 3 sí òdo lẹ́yìn odi.

Ìdíje kejì tó bá a lọ ni Ife CAF, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1992. Olóyè Moshood Abiọ́lá ni ó fi ife náà tọrẹ, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi pè é. Shooting Stars ni ó kọ́kọ́ gbà á. Wọ́n borí Villa ti Ùgáńdà. Ní 2004 ni wọ́n pa ìdíje méjèèjì pọ̀ di ẹyọ kan tó ní orúkọ mìíràn. Ṣé kí a wá sọ fún àwọn ará Ìbàdàn pé ife méjèèjì tí wọ́n gbà kò sí mọ́ nítorí pé wọ́n ti pa ilé tó wà nínú rẹ̀ dé?

Ẹ tún rántí àwọn ẹgbẹ́ tí ó jẹ́ pé àwọn gan-an ni ó kú. Leventis United ti Ìbàdàn gba Challenge Cup ní 1984 àti 1986, ó gba líìgì ní 1986, ó sì dé àṣekágbá Áfíríkà ní 1985, níbi tí Al Ahly ti Íjíbítì ti fi ayò 2 sí 1 lápapọ̀ borí rẹ̀. Láìpẹ́ sí i ni wọ́n tú u ká. Abiola Babes ti Abẹ́òkúta gba Challenge Cup ní 1985 àti 1987, òun náà sì ti parẹ́. Ṣùgbọ́n inú ẹgbẹ́ yìí ni Rashidi Yekini ti gbá bọ́ọ̀lù láàárín ọdún wọ̀nyẹn, kí ó tó lọ sẹ́yìn odi. Òun náà ni ó jẹ ayò àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà nínú Ife Àgbáyé, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1994, nígbà tí a na Bulgaria ní 3 sí òdo. Bí Abiola Babes kò bá jẹ́ nǹkan kan, níbo ni ẹsẹ̀ tó jẹ ayò yẹn ti mú ara le?

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń dà láàmú. Ní Bùràsíìlì, láti 1971 ni wọ́n ti ń ka ife orílẹ̀-èdè wọn. Ní 2010 ni àjọ bọ́ọ̀lù wọn gbà pé àwọn ìdíje tó wà láti 1959 sí 1970 náà jẹ́ ti orílẹ̀-èdè, tí Santos, ẹgbẹ́ Pelé, sì ti ibi ife 2 bọ́ sí 8. Àwọn kan yọ̀, àwọn kan bínú, nítorí pé ìdíje méjì ni Palmeiras borí ní 1967, wọ́n sì kà á sí olúborí lẹ́ẹ̀mejì nínú ọdún kan. Ní 2017, FIFA náà gbà pé àwọn tó gba ife tí ilẹ̀ Yúróòpù àti Gúúsù Amẹ́ríkà máa ń dù láàárín ara wọn láti 1960 sí 2004 jẹ́ olúborí àgbáyé.

Àwa kò sọ pé gbogbo ife dọ́gba. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò ṣe òtítọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Wanderers gba FA Cup lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín 1872 àti 1878. Ní ọdún àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ 15 péré ni ó forúkọ sílẹ̀. Ní ọdún kejì, ẹni tó ní ife lọ́wọ́ kò gbá ju àṣekágbá lọ. Ní tiwa náà, àwọn ẹgbẹ́ Èkó ni ó pọ̀ jù nínú Ife Gómìnà ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá ni àwọn ìlú òkèèrè jí gìrì, tí Kano gbà á ní 1953, tí Calabar sì gbà á ní 1954. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ wọn ife kí ó béèrè ohun mẹ́ta: ta ni wọ́n borí? Báwo ni ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibẹ̀ ti le tó? Kí ni ó ti inú rẹ̀ jáde? Kí ó má ṣe béèrè bóyá ìdíje náà ṣì wà láàyè lónìí, nítorí pé ìyẹn kò sí lọ́wọ́ àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù. Ayò tí wọ́n jẹ ni tiwọn. Ìpinnu láti pa ìdíje rẹ́, ọ́fíìsì ni ó ti wá.

Ṣé ẹ rí i, ẹ̀yin ènìyàn wa, ìdí tí a fi kọ èyí sínú ìwé ìlú nìyí. Ìjẹ̀gùn náà ní ife tirẹ̀: èyí tí àdúgbò ń bá àdúgbò dù, èyí tí ilé-ìwé ń bá ilé-ìwé dù, àti èyí tí a ń gbá nígbà ọdún Àjíǹde àti Kérésìmesì. Ilé ti bo púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí a fi ń ṣe pápá. Àwọn ife kan wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù nínú yàrá àwọn àgbà, ìpata ti mú wọn, orúkọ tó wà lára wọn sì ti ń ṣí. Bí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ wa pé ife Stores kò sí, kí ni wọn yóò sọ nípa tiwa?

A padà lọ bá bàbá náà nílé rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá wa lọ. Bàbá sọ fún wa bí òun àti ẹgbẹ́ òun ṣe máa ń fẹsẹ̀ rìn láti ibí títí dé ibi tí ọkọ̀ wà, kí wọ́n tó wọkọ̀ lọ wo Stores ní Oníkan, tí wọn yóò sì padà dé lóru. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó ní kí Bàbá dúró díẹ̀, kí òun tún ojú ìwé ṣí. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà.

Nítorí náà, a bẹ gbogbo ọmọ Ìjẹ̀gùn, ẹ̀yin tó wà nílé àti ẹ̀yin tó wà ní ìlú òyìnbó, ẹni tó bá ní fọ́tò, ife tàbí orúkọ àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù fún ìlú yìí rí, kí ó mú un wá fún akọ̀wé ẹgbẹ́. Ẹ kọ ọdún rẹ̀, ẹ kọ ẹni tí a bá gbá a, ẹ kọ iye ayò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a pàdánù. A ó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ọdún tó ń bọ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a jọ kà á.