Oúnjẹ Àwọn Àgbàlagbà: Bí Kò Ṣe Ní Di Àìsàn Sí Wọn Lára

Ọ̀pọ̀ ìdílé nílẹ̀ Yorùbá kì í gbàgbé àgbàlagbà tó wà nílé nígbà tí wọ́n bá ń ti òde ayẹyẹ bọ̀. Wọ́n á di ìrẹsì, mọ́ínmọ́ín àti ẹran dídín sínú ọ̀rá, wọ́n á sì gbé e wá fún Màmá tàbí Bàbá. Ìfẹ́ ló ń mú kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ronú nípa oúnjẹ náà ná. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìdájí ni wọ́n ti sè é, pé ọ̀sán ni wọ́n bù ú, kí ilẹ̀ sì ti ṣú kó tó dé ọwọ́ àgbàlagbà náà. Ọmọ tó gbé e wá lè ti jẹ nínú rẹ̀ kí nǹkan kan má sì ṣe é. Ǹjẹ́ bẹ́ẹ̀ náà ló máa rí fún ẹni ọdún 80?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Nínú ìṣirò kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2015, wọ́n fojú bù ú pé oúnjẹ tí kò mọ́ mú kí nǹkan bí 600 mílíọ̀nù èèyàn ṣàìsàn lọ́dún 2010, àti pé 420,000 lára wọn ló kú. Àwọn àgbàlagbà wà lára àwọn tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe léṣe jù lọ.

Kí Ló Ń Yí Padà Nínú Ara?

Bí èèyàn bá ti ń dàgbà sí i, agbára tí ara rẹ̀ fi ń gbógun ti àrùn máa ń dín kù. Omi kíkan inú ikùn, èyí tó máa ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn, náà lè dín kù. Òǹgbẹ kì í tètè gbẹ àgbàlagbà mọ́. Nítorí náà, ìgbẹ́ gbuuru tí ọ̀dọ́ máa borí láàárín ọjọ́ kan lè mú kí omi ara àgbàlagbà gbẹ kíákíá, kó sì ṣàkóbá fún kíndìnrín rẹ̀.

Yàtọ̀ síyẹn, òórùn oúnjẹ àti adùn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn sí wọn mọ́. Ìdí nìyẹn tí àgbàlagbà fi lè jẹ ọbẹ̀ tó ti kan láìmọ̀, tàbí kó máa bu iyọ̀ sí oúnjẹ tí iyọ̀ rẹ̀ ti tó. Kò yẹ kí ẹ̀rù oúnjẹ máa bà wọ́n o. Àwa tí à ń sè fún wọn ló yẹ ká túbọ̀ máa ṣọ́ra.

Oúnjẹ Òde àti Oúnjẹ Àná

Kòkòrò àrùn máa ń tètè pọ̀ sí i nínú oúnjẹ tí ooru rẹ̀ bá wà láàárín ìwọ̀n 5 sí 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ooru ṣe máa ń rí nínú ilé wa lójoojúmọ́ gan-an nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sọ pé kí oúnjẹ sísè má ṣe wà nílẹ̀ ju wákàtí 2 lọ. Ìrẹsì gba àfiyèsí pàtàkì. Irú kòkòrò kan wà nínú rẹ̀ tí iná ìsè kì í pa tán. Bí ìrẹsì náà bá pẹ́ nílẹ̀, kòkòrò yẹn lè tú májèlé sínú rẹ̀, títún un gbé kaná kò sì ní mú májèlé náà kúrò. Kí wá ni ká ṣe?

• Bí a kò bá mọ ìgbà tí wọ́n se oúnjẹ òde, ó sàn ká se oúnjẹ mìíràn fún àgbàlagbà.

• Ká pín ọbẹ̀ tó kù sínú abọ́ kéékèèké kó lè tètè tutù, ká sì gbé e sínú fíríìjì kí wákàtí 2 tó pé.

• Ìwọ̀nba tí wọ́n máa jẹ nìkan ni ká gbé kaná, ká sì jẹ́ kó hó dáadáa. Kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò tó.

• Bí iná mànàmáná bá lọ, ká má ṣe máa ṣí fíríìjì. Bí a kò bá ṣí i, oúnjẹ inú rẹ̀ lè wà láìséwu fún nǹkan bíi wákàtí 4. Níbi tí iná kì í ti í dúró, ìwọ̀nba tí wọ́n máa jẹ tán ni ká máa sè.

• Ká má ṣe tọ́ oúnjẹ wò láti mọ̀ bóyá ó ti bàjẹ́. Oúnjẹ tó ní kòkòrò àrùn nínú lè má rùn rárá.

Ká má sì gbàgbé gàrí àti èlùbọ́. Irú eku kan máa ń fi ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ tan ibà Lassa, àrùn tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ nílùú Lassa ní Nàìjíríà lọ́dún 1969. Inú ike tó ní ìdérí tó le ló yẹ kí gàrí máa wà. Èlùbọ́ tàbí ẹ̀pà tó ti bu, ẹ dà á nù. Májèlé tó lè wà nínú rẹ̀ máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, sísè kì í sì í pa á run.

Kí Ló Yẹ Kó Wà Nínú Abọ́?

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ń fi ẹ̀kọ tàbí tíì àti búrẹ́dì sùn, bóyá torí pé eyín wọn ti ń yọ. Bó bá ń rí bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, iṣan wọn á máa joro, wọ́n á sì máa tètè ṣubú. Àwọn onímọ̀ nípa oúnjẹ dámọ̀ràn pé kí àgbàlagbà máa jẹ nǹkan bíi gíráàmù 1 sí 1.2 èròjà purotéènì fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wúwo. Ìyẹn á jẹ́ gíráàmù 60 sí 72 fún ẹni tó wúwo tó kílò 60. Ẹyin kan ní nǹkan bíi gíráàmù 6. Ẹ̀wà tí wọ́n sè rọ̀, mọ́ínmọ́ín, ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀, ẹyin tó jinná dénú àti ẹran lílọ̀ kò ní yọ wọ́n lẹ́nu. Àmọ́ kí ẹni tó ní àrùn kíndìnrín kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀ léèrè.

Iyọ̀ tí wọ́n máa jẹ lóòjọ́ kò gbọ́dọ̀ tó gíráàmù 5, ìyẹn ṣíbí kan tí a fi ń po tíì, títí kan iyọ̀ tó wà nínú mágí. Ẹ lè fi àlùbọ́sà, ata àti efinrin mú kí ọbẹ̀ ta sánsán.

Àwọn kan máa ń fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ní àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan, wọ́n á sì bù ú rẹpẹtẹ. Àmọ́ ó máa ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Bí a ṣe bù ú tó ṣe pàtàkì gan-an. Ẹni tó sì ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kò gbọ́dọ̀ ṣàdédé fi kún ẹ̀fọ́ tó ń jẹ tàbí kó dín in kù láìsọ fún dókítà.

Ẹ máa gbé omi tó mọ́ sítòsí wọn, kí wọ́n sì máa mu ún díẹ̀díẹ̀ láìdúró de òǹgbẹ, àyàfi bí dókítà bá ti díwọ̀n omi fún wọn. Bí ìgbẹ́ gbuuru tàbí èébì bá mú wọn, ẹ tètè fún wọn ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń tà nílé oògùn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ wọn, bí wọn kò bá tọ̀ dáadáa, tàbí bí ọ̀rọ̀ wọn kò bá já geere mọ́, ilé ìwòsàn ló kàn.

Àwọn àgbà sọ pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, àwọn òbí wa fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ̀kọ gbígbóná kó má bàa jó wa lẹ́nu. Ní báyìí, ó ti kàn wá láti rí i pé tiwọn gbóná dáadáa kó tó dé iwájú wọn.