Láti Orí Àrokò dé Orí Fóònù: Ọ̀ràn Ìgàngán

Kí ìwé tó dé ilẹ̀ Yorùbá, àrokò ni àwọn baba wa fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Bí ẹnì kan bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ, o mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ fà sí ọ. Ẹni tí ó mú àrokò wá ní orúkọ, ó ní ilé; a lè bi í pé, "Ta ni ó rán ọ?" Nígbà tí Ìwé Ìròhìn bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, gbogbo ènìyàn mọ̀ pé Henry Townsend ni ó wà nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti 2001 tí fóònù GSM ti wọ Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ ń fò láìní ìyẹ́, a kì í sì í mọ ẹni tí ó rán an. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí irinṣẹ́ yìí ṣe ní Ìgàngán, ọ̀kan nínú ìlú méje Ìbàràpá.

Ó pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ti ń ráhùn pé màlúù ń jẹ oko àwọn, àti pé wọ́n ń jí ènìyàn gbé. Ní oṣù Kejìlá 2020, wọ́n pa Ọ̀mọ̀wé Fatai Aborode, àgbẹ̀ ńlá kan ní Ìgàngán. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní 2021, Sunday Adéyẹmọ tí a mọ̀ sí Sunday Ìgbòho wá sí ìlú náà, ó sì fún Sẹ̀ríkì àwọn Fúlàní ní ọjọ́ méje kí ó kó kúrò. Fídíò rẹ̀ tàn ká. Ìráhùn tí kò jìnnà sí ẹnubodè ìlú tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí gbogbo Nàìjíríà ń jiyàn lé lórí. Oore fóònù nìyí. Kò yẹ kí a sẹ́ ẹ.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ méje pé, wọ́n dáná sun ilé Sẹ̀ríkì, ẹni tí ó ní òun kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ọ̀ràn náà. Èmi tí mo ń kọ́ èdè rí ohun kan níhìn-ín. Nínú Yorùbá, "mo rí i" kì í ṣe ẹgbẹ́ "wọ́n ní." Lórí WhatsApp, kí ọ̀rọ̀ tó kọjá ọwọ́ ẹni mẹ́ta, "wọ́n ní" ti di "ó ṣẹlẹ̀." Bẹ́ẹ̀ náà ni "ajínigbé" ṣe di "Fúlàní," tí a kò sì ya ọ̀daràn sọ́tọ̀ kúrò lára darandaran tí a bí sí Ìbàràpá, tí ó ń sọ Yorùbá bí èmi àti ìwọ.

Ní òru ọjọ́ 5 mọ́jú ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà 2021, àwọn agbébọn ya wọ Ìgàngán. Wọ́n sun ààfin Aṣígàngán, wọ́n sì pa ènìyàn tí kò dín ní mọ́kànlá. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù náà gan-an ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun ti Twitter pa; ó di oṣù Kìíní 2022 kí wọ́n tó ṣí i. Síbẹ̀ ìròyìn ìjàǹbá náà gba ọ̀nà mìíràn jáde. Igbe jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n igbe kì í dá ọta ìbọn dúró. Fóònù lè pe olùgbàlà. Kò lè di olùgbàlà.

Kí ni kí á ṣe? Lójú tèmi, kí ìlú kọ̀ọ̀kan máa kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀: ọjọ́, wákàtí, oko tí ó ṣẹlẹ̀, àti ẹni tí ó rí i. Bí ẹ̀rù bá ń ba ẹlẹ́rìí, kí àwọn àgbà ìlú mọ orúkọ rẹ̀, kí wọ́n sì dúró fún un. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni adájọ́ lè gbà wọlé, tí ìjọba kò sì ní lè pè ní àhesọ. Ẹyin lóhùn, ẹni tí yóò gbé e rìn ọ̀nà jíjìn gbọ́dọ̀ ní ọwọ́ tí a lè dì mú.