BỌ́ǸBÙ ÌKẸJÀ ÀTI RẸ́JÍSÍTÀ PÍRÍNSÍPÀ WA



Ẹni tó bá wà ní Èkó ní ọjọ́ Àìkú, 27 oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 2002, kò lè gbàgbé ọjọ́ náà. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, iná ran ibi tí àwọn sójà ń kó ohun ìjà sí ní bárékè Ìkẹjà, bọ́ǹbù sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmùgbàmù. Ilé ń mì, fèrèsé ń fọ́. Ìjọba ológun kò tíì kógbá sílé ju ọdún 1999 lọ, nítorí náà ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé sójà tún ti gbàjọba ni. Kálukú ń sá, kò mọ ibi tó ń sá lọ. Nínú òkùnkùn, ọ̀pọ̀ já sínú kánáàlì Òkè-Afá, lọ́nà Ìsọlọ̀. Ewéko ló bo ojú omi, wọ́n ṣebí ilẹ̀ ni. Àwọn tó kú lé ní 1,000. Omi ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ọmọdé sì pọ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí a padà sílé-ìwé, àhesọ ti gba ẹnu gbogbo wa. Ẹnìkan ní ogun dé, ẹnìkejì ní bọ́ǹbù mìíràn ń bọ̀ lóru. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní asẹ́ḿbìlì, pírínsípà wa kò wàásù rárá. Ó ní iná ló ràn, kì í ṣe ogun. Ó ní ohun tí òun kò mọ̀, òun kò ní parọ́ rẹ̀ fún wa. Ó ní kí wọ́n má lu agogo rìmù wa lọ́sẹ̀ náà, torí bí ó bá ti dún báyìí, àyà wa a já. Ẹnu ni àwọn prefect fi ń pè wá.

Lẹ́yìn náà ló pàṣẹ kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan pe rẹ́jísítà lórúkọ-lórúkọ. Ọmọ tí kò bá dáhùn, kí wọ́n wá a délé. Ní kíláàsì tiwa, orúkọ ọmọbìnrin kan wà tí a pè fún ọjọ́ mẹ́ta, tí kò sẹ́ni tó jẹ́ ẹ. Olùkọ́ wa kò fa igi lé e. Ní ọjọ́ kẹrin ó wọlé pẹ̀lú sílípáàsì, láìsí yunifọ́ọ̀mù. Àbúrò rẹ̀ kò padà wálé mọ́. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè yunifọ́ọ̀mù. Wọ́n ní kó jókòó síbi tó bá wù ú, kó sunkún tó bá fẹ́ sunkún.

Mo rán wa létí èyí torí díẹ̀ nínú wa ti di olùkọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti jí ọmọbìnrin 276 gbé ní Chibok lọ́dún 2014, ẹ̀rù ti wọ inú ilé-ìwé fúnra rẹ̀. Ìròyìn burúkú sì ti ń bá ọmọ nínú fóònù kí olùkọ́ rẹ̀ tó gbọ́. A kò lè dá bọ́ǹbù dúró. Ṣùgbọ́n a lè sọ òótọ́ fún wọn, kí a sì pe orúkọ wọn títí ẹni ìkẹyìn yóò fi dáhùn.

Ọlọ́run á tẹ́ àwọn tó lọ sí afẹ́fẹ́ rere. Àṣẹ.