Ohun tí ó kù lẹ́yìn àdín

Ẹni tí ó bá gba àgbàlá àwọn ìyá wa kọjá ní Pobẹ̀ yóò gbọ́ ìró òkúta lórí òkúta: ekùrọ́ ni wọ́n ń pa. Àwọn baba wa kì í da ohunkóhun nù lára ọ̀pẹ. Ìhá ni wọ́n fi ń dáná, òun náà ni wọ́n fi ń ṣe òguṣọ̀. Ekùrọ́ ni wọ́n ń yan, tí wọ́n ń gún, tí wọ́n sì ń sè kí àdín tó jáde. Ní ilé púpọ̀, baálé ni ó ni epo pupa, ìyàwó ni ó ni ekùrọ́.

Epo pupa ni Régis, oníṣòwò ará Marseille, ń wá nígbà tí ó wọ odi àtijọ́ àwọn Faransé ní Ouidah ní ọdún 1841. Lẹ́yìn ọdún 1860 ni ekùrọ́ tó di ọjà ńlá, Hamburg sì ni èyí tí ó pọ̀ jù ń lọ. Àwọn ará Jámánì fún òróró rẹ̀ fún ọṣẹ àti bọ́tà àtọwọ́dá. Wọ́n fi ìyókù, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní tourteau, bọ́ màlúù wọn. Ìyókù yìí tó ìdajì ìwọ̀n ekùrọ́. Òróró ni a rò pé a ń tà. Ìyókù náà bá a wọ ọkọ̀ lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ogun ọdún 1914 ni ó dá òwò Hamburg dúró.

Kí ni ó wà nínú rẹ̀? Èyí tí ó pọ̀ jù ni mannane, ọ̀kan lára ohun inú oúnjẹ tí ikùn ènìyàn kò lè dà. Bí wọ́n bá fi ẹ́ńsáìmù gé e kéékèèké, ó di oúnjẹ fún àwọn kòkòrò rere tí ń gbé inú ìfun wa. Malaysia wà lára àwọn tí ó ti wádìí èyí jinlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni igi mẹ́rin, ìran ọ̀pẹ ilẹ̀ Áfíríkà, tí wọ́n gbìn sí Bogor ní ọdún 1848, ni ọ̀pẹ ibẹ̀ ti ṣẹ̀. Pobẹ̀ pẹ̀lú ní ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ láti ọdún 1922, ṣùgbọ́n irúgbìn ni a mọ̀ ọ́n mọ́.

Ní Kútọnu lónìí, àwọn tí ń sin ẹlẹ́dẹ̀ àti ehoro ni wọ́n ń ra ìyókù náà, ní owó táṣẹ́rẹ́. Bí ilé-iṣẹ́ mannane bá dé ọ̀dọ̀ wa lọ́la, a óò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ẹni tí yóò san owó fún, nítorí ìyàwó ni ó ni ekùrọ́, kò sì tíì fi í tọrẹ fún ẹnikẹ́ni.