Iná Inú Táìsì: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Dín Ìpalára Iṣẹ́ Táìsì Kù, láti Ilé-Ifẹ̀ dé Ilẹ̀ Pupa Tchaada

Táìsì ni pẹlẹbẹ amọ̀ tí a tẹ̀ tàbí tí a mọ, tí a sì sun nínú iná títí tí ó fi le bí òkúta, kí a tó fi tẹ́ ilẹ̀ ilé tàbí kí a fi bo ara ògiri. Ìpalára tí ṣíṣe rẹ̀ ń ṣe fún àyíká pọ̀ níye: ihò ńlá tí wíwa amọ̀ ń fi sílẹ̀, omi tí wọ́n fi ń lọ ọ́, eruku tí ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró òṣìṣẹ́, àti òjé inú èròjà adánmọ́rán tí ń mú ojú rẹ̀ dán. Ṣùgbọ́n iná ni olórí gbogbo wọn, nítorí pé amọ̀ kì í di táìsì òde òní láìjẹ́ pé ooru rẹ̀ tó nǹkan bí digírì Sẹ́líṣíọ̀sì 1,100 sí 1,200. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń kọ ìtàn bí ènìyàn ṣe dín ìpalára yìí kù, ìtàn iná ni ó ń kọ: ohun tí a fi dá a, iye wákàtí tí ó fi jó, ibi tí èéfín rẹ̀ gbà lọ, àti bóyá ó tilẹ̀ pọn dandan kí a dá a.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìbéèrè tí ó gbẹ̀yìn yìí ti ní ìdáhùn kan láti ìgbà láéláé. Láàárín nǹkan bí ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, àwọn ará Ilé-Ifẹ̀ fi àpáàdì, èyíinì ni àfọ́kù ìkòkò, tẹ́ àgbàlá, ojúbọ àti ojú ọ̀nà ìlú wọn. Wọn kò tẹ́ àpáàdì náà ní ìdùbúlẹ̀; ńṣe ni wọ́n ń gbé e nàró lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n ń tò ó mọ́ra wọn tímọ́tímọ́, ìlà kan dà sí ọ̀tún, ìlà kejì dà sí òsì, wọ́n sì ń fi ọ̀wọ́ òkúta wẹ́wẹ́ funfun là á láàárín ní àwọn ibòmíràn, tí ilẹ̀ náà fi ní àrà tí kò parẹ́ títí di òní. Ìtàn àtẹnudẹ́nu Ifẹ̀ fi iṣẹ́ náà sọrí Lúwòó, obìnrin tí ó jẹ Ọọ̀ni. Àwọn awalẹ̀pìtàn tún hú u jáde ní ọ̀rúndún ogún: Frank Willett rí i ní Ìta Yemòó nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1957, Peter Garlake sì rí i ní ilẹ̀ Ọbàlárá àti ní Wóyè Àṣírí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ifẹ̀ nìkan kọ́ ni ó sì ní in, nítorí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà ní Notsé ní ilẹ̀ Tógò, níbi tí Dola Angèle Aguigah, ọmọ Tógò tí ó jẹ́ onímọ̀ ìwalẹ̀pìtàn, ti ṣe ìwádìí lé e lórí. Àárín Ifẹ̀ àti Notsé ni ẹkùn tí Kétu, Sakété àti Ìfọ̀nyìn wà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀.

Kò sí ẹ̀rí pé àwọn ará Ifẹ̀ ro ti afẹ́fẹ́ tàbí ti igbó nígbà tí wọ́n ń to àpáàdì, kò sì yẹ kí a fi èrò òde òní kọ́ wọn lọ́rùn. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n ṣe kò ní iná tuntun nínú. Ìkòkò ti kọ́kọ́ jẹ iná rẹ̀ nígbà tí wọ́n sun ún fún sísè tàbí pípọn omi. Nígbà tí ó fọ́, líle tí iná ti fún un kò bá a fọ́. Iná tí wọ́n fi sun ún ní ìbẹ̀rẹ̀ pàápàá kò tó ti ilé iṣẹ́. Bí àwọn amọ̀kòkò ṣe ń ṣe é títí di àkókò yìí ní Dada àti Òkèlele ní Ìlọrin ni pé wọ́n ń to ìkòkò jọ sí gbangba, wọ́n ń fi igi, koríko àti imọ̀ gbígbẹ bò ó, wọ́n sì ń tiná bọ̀ ọ́. Ooru irú iná bẹ́ẹ̀ kì í sábà kọjá digírì 900, kò sì ní pẹ́ kí ó tó rọlẹ̀. Ìkòkò tí ó bá jáde níbẹ̀ kì í le tó táìsì, omi sì ń gba ara rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ àǹfààní fún àmù tí ń mú omi tutù ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ àbùkù fún ilẹ̀ ilé ìwẹ̀.

Iṣẹ́ táìsì ti òde òní gba ọ̀nà mìíràn wá. Ní 1840, Richard Prosser gba ìwé àṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ọgbọ́n títẹ ìyẹ̀fun amọ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní omi nínú mọ́ra pẹ̀lú irin, Herbert Minton sì sọ ọ́ di òwò ńlá ní Stoke-on-Trent. Èédú ni wọ́n fi ń sun gbogbo rẹ̀ nínú ìléru onírìísí ìgò, èéfín ìlú náà sì di ohun tí a fi mọ̀ ọ́n jákèjádò ayé. Òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1956 ni ó pa ìléru wọ̀nyẹn kú, tí gáàsì àti iná mànàmáná fi rọ́pò èédú.

Ìlú tí ó kọ́ ayé ní ẹ̀kọ́ jùlọ lórí ọ̀ràn yìí ni Sassuolo ní Ítálì. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ilé iṣẹ́ táìsì pọ̀ níbẹ̀ bí èèrùn, nígbà tí ó sì fi máa di àwọn ọdún 1970, òjé inú èròjà adánmọ́rán ti wà nínú omi àti ilẹ̀, flórínì sì ń jáde láti ojú ìléru. Flórínì jẹ́ èròjà tí ó ti wà nínú amọ̀ fúnra rẹ̀ kí a tó wà á. Bí ooru bá ti mú amọ̀ dáadáa, á yọ jáde bíi gáàsì, a sì máa ba ewé jẹ́, eyín àti egungun ẹran tí ó bá jẹ ewé náà kò sì ní ní àlàáfíà. Ìwòsàn tí wọ́n rí fún un rọrùn ju bí ènìyàn ti lè rò lọ: wọ́n ń fọ́n láìmù, ìyẹ̀fun tí a rí láti ara òkúta ẹfun tí a sun, sínú èéfín, láìmù náà á gbá flórínì mú, wọ́n á sì fi aṣọ ajọ̀ sẹ́ ẹ kúrò. Wọ́n yọ òjé kúrò nínú ọ̀pọ̀ èròjà adánmọ́rán, omi ìfọ̀ ẹ̀rọ tí ó ń ṣàn lọ sódò tẹ́lẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà sínú ọlọ amọ̀.

Àyípadà tí ó tóbi jù lọ kò tilẹ̀ ti ọwọ́ òfin wá. Tẹ́lẹ̀, a ń sun táìsì lẹ́ẹ̀mejì, kí a tó fi èròjà adánmọ́rán kùn ún àti lẹ́yìn rẹ̀, nínú ìléru gígùn tí táìsì ń lo odindi ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ Ítálì ṣe ìléru onírólà, níbi tí táìsì kọ̀ọ̀kan ń yí lọ lórí ọ̀pá tí ń yí. Wọ́n sì rí i pé bí wọ́n bá yan amọ̀ dáadáa, ìsun ẹ̀ẹ̀kan péré tó. Wákàtí kan tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ọjọ́ náà dà. Nítorí owó epo tí ó gun òkè lẹ́yìn 1973 ni ọ̀pọ̀ fi gbà á. Àyíká jèrè nínú ohun tí a ṣe nítorí àpò. Ìsun ṣì ń gba ju ìdajì lọ nínú ooru tí ilé iṣẹ́ ń lò, bí ìdá kan nínú mẹ́ta sì ń lọ sínú gbígbẹ omi tí a fi lọ amọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi padà sí lílọ amọ̀ ní gbígbẹ, tí àwọn mìíràn sì ń darí ooru tí táìsì ń tú sílẹ̀ nígbà tí ó bá ń tutù lọ sínú ẹ̀rọ tí ń gbẹ amọ̀.

Pé irú epo tí a ń dá ṣe pàtàkì tó bí a ṣe ń dá a, Morbi ní ìpínlẹ̀ Gujarat ní Íńdíà fi í hàn. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ilé iṣẹ́ níbẹ̀ ń sọ èédú di gáàsì nínú ọgbà wọn, omi ẹlẹ́gbin tí ó kún fún ọ̀dà sì ń tẹ̀yìn rẹ̀ jáde, títí tí ilé ẹjọ́ àyíká Íńdíà fi pàṣẹ ní oṣù Kẹta 2019 pé kí wọ́n ti àwọn ẹ̀rọ náà pa. Wọ́n yí sí gáàsì ilẹ̀. Gáàsì náà kò mọ́ pátápátá, nítorí pé kábọ́ọ̀nù dàìọ́ksáìdì tí ń mú ayé gbóná ṣì wà nínú èéfín rẹ̀, èyí tí ó mú kí Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi ìléru amọ̀ ńláńlá sínú ètò ríra àti títa ìwé àṣẹ èéfín tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2005.

Ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ìléru táìsì tuntun ti dé Àjàókúta ní Nàìjíríà, ilé iṣẹ́ Keda ti Ṣáínà àti alájọṣepọ̀ rẹ̀ sì kọ́ tiwọn sí Gánà àti Sẹ̀nẹ̀gà. Páìpù gáàsì Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 678, bẹ̀rẹ̀ láti Itóki ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ó gba abẹ́ òkun kọjá ní gúúsù Ìfọ̀nyìn, ó sì já sí Kútọnu, Lọ́mẹ̀, Tema àti Takoradi. Ibi tí gáàsì rẹ̀ bá dé ni ìléru ti lè jó láìsí èédú tàbí igi.

Tchaada, ní Ìfọ̀nyìn ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kò ní ìléru táìsì, táìsì tí a ń tẹ́ síbẹ̀ sì ń ti òkèèrè wá, mítà onígun mẹ́rin kan nínú rẹ̀ sì wúwo tó nǹkan bí ogún kìlógíráàmù. Ohun tí ó wà nílẹ̀ níbẹ̀ ni ilẹ̀ pupa alámọ̀ tí àwọn Faransé ń pè ní terre de barre, èyí tí a ti ń fi mọ ògiri láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn akọ́lé Bẹ̀nẹ̀ ń fi ẹ̀rọ tẹ irú ilẹ̀ yìí ní bíríkì, wọ́n ń pò ó mọ́ sìmẹ́ńtì díẹ̀, wọn kì í sì í sun ún rárá. Ó dà bí ẹni pé iná ti jáde nínú ọ̀ràn náà, ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì fúnra rẹ̀ ti inú ìléru jáde: ní Onígbólò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pobẹ̀, níbi tí Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà ti jọ dá ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì sílẹ̀, òkúta ẹfun gbọ́dọ̀ gba ooru tí ó tó digírì 1,450, òkúta náà á sì tún tú kábọ́ọ̀nù dàìọ́ksáìdì tirẹ̀ jáde láfikún sí ti epo. Bí sìmẹ́ńtì inú bíríkì bá ti kọjá ìwọ̀n kékeré kan, èrè àìsun ún á bẹ̀rẹ̀ sí í tán, ìwọ̀n ọ̀hún sì ń yàtọ̀ láti ilẹ̀ kan sí èkejì, nítorí pé ilẹ̀ tí iyanrìn pọ̀ nínú rẹ̀ ń béèrè sìmẹ́ńtì tí kò dọ́gba pẹ̀lú ti ilẹ̀ tí amọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀.