Ẹni Tó Mọ Ẹyọ Kan Ṣe: Ìjà Lórí Pípààrọ̀ Agbábọ́ọ̀lù

Bí ènìyàn bá gba àdúgbò wa kọjá lọ́jọ́ Sátidé, láti Ìyànà Ìpájà títí dé ọ̀nà Àyọ̀bọ̀, kò sí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù tí ariwo kò ní máa jáde níbẹ̀. Ariwo góòlù nìkan kọ́ o. Ìdajì rẹ̀ ni àríyànjiyàn: kí ló dé tí kóòṣì yọ lágbájá? Kí ló dé tó fi ẹni tó ti ń jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ rọ́pò ẹni tó ń ṣe dáadáa? Àwọn ọ̀dọ́ wa rò pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni wọ́n ti ń pààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìjà ńlá ni ọ̀rọ̀ náà dá sílẹ̀, ìjà náà kò sì tíì parí títí di òní, èmi pẹ̀lú sì ní ẹ̀yìn ẹni tí mo wà.

Fún ọdún gbọọrọ, ẹni mọ́kànlá tó bá wọ pápá ni yóò parí eré, ìbáà jẹ́ pé ẹsẹ̀ kan ló kù fún un. Ní ọdún 1956, níbi àṣekágbá ife FA ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Bert Trautmann, ọmọ Jámánì tó ń ṣọ́lé fún Manchester City, bá agbábọ́ọ̀lù Birmingham kan forí gbárí níwájú ilé nígbà tí eré ku ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún. Kò sí ẹni tí wọ́n lè fi rọ́pò rẹ̀. Bó ṣe ń fọwọ́ di ọrùn mú náà ló ń mú bọ́ọ̀lù, títí wọ́n fi borí pẹ̀lú góòlù mẹ́ta sí ẹyọ kan. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni àwọn dókítà tó rí i pé ọrùn ọkùnrin náà ti kán! Ní 1966, níbi Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, àwọn ará Portugal ta Pelé nípàá títí kò fi lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ dáadáa mọ́. Ó kàn ń tiro káàkiri pápá ni, nítorí òfin kò jẹ́ kí ẹlòmíràn wọlé fún un. Mẹ́ta sí ẹyọ kan ni wọ́n lu Brazil lọ́jọ́ náà.

Nígbà náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti rọ òfin tiwọn díẹ̀ nílé. Láti 1965 ni wọ́n ti gbà pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú líìgì wọn fi ẹnì kan rọ́pò ẹni tó bá fara pa. Keith Peacock ti Charlton ni ẹni àkọ́kọ́ tó wọlé bẹ́ẹ̀, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò yẹ ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ wò láti mọ̀ bóyá ó dùn ún lóòótọ́? Ẹni tí kóòṣì bá fẹ́ yọ lè kàn di itan mú, kó máa ké. Ní 1967, wọ́n kúkú ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀: ẹ pààrọ̀ ẹni tó bá wù yín, ara rẹ̀ ìbáà le bí irin. Nígbà tó di Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti 1970 ní Mexico, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè pààrọ̀ ẹni méjì.

Àwọn tó lòdì sí i kì í ṣe aláìmọ̀kan o. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ayò, ẹ mọ̀ pé òǹwòran lè sọ̀sọkúsọ, àmọ́ kò gbọdọ̀ bá ọ̀ta fọwọ́ kan ọmọ ayò. Nínú ìjàkadì, bó bá rẹ ènìyàn, ilẹ̀ ni yóò bá ara rẹ̀. Kò sí àbúrò tó máa wá bá a parí ẹ̀. Lójú irú àwọn bẹ́ẹ̀, àárẹ̀ wà lára eré. Ẹni tó lè gbá bọ́ọ̀lù ní ìṣẹ́jú kìn-ín-ní tí kò lè gbá a ní ìṣẹ́jú àádọ́rùn-ún, wọ́n ní kò tíì mọ̀ ọ́n gbá.

Irú ìjà yìí náà ni àwọn ará Amẹ́ríkà jà lórí bésíbọ́ọ̀lù, tiwọn tilẹ̀ gùn ju ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lọ. Bí eré náà ṣe rí nìyí: ẹnì kan yóò ju bọ́ọ̀lù, ọ̀kan nínú àwọn alátakò yóò fi igi lù ú. Tó bá yá, wọ́n á yí ipò padà, ẹni tó ń jù tẹ́lẹ̀ náà á wá fi igi lù. Ọ̀pọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ni kò mọ̀ ọ́n lù rárá. Wọ́n á kàn máa fi igi na atẹ́gùn. Láti 1906 ni Connie Mack, ògbólógbòó kóòṣì kan, ti dá a lábàá pé kí ẹlòmíràn máa bá wọn lù ú. Wọn ò gbọ́. Ọdún 1973 ni American League, ọ̀kan nínú líìgì ńlá méjèèjì tí wọ́n ní, ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún náà ni Ron Blomberg ti New York Yankees di ẹni àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó fi igi lu bọ́ọ̀lù, kó sì padà lọ jókòó. National League ní àwọn ò ní ṣe irú ẹ̀ láé. Eré kan náà, orílẹ̀-èdè kan náà, òfin méjì! Yàtọ̀ sí ọdún kòrónà, 2020, tí gbogbo wọn lò ó fúngbà díẹ̀, ọdún 2022 ni National League tó gbà pátápátá. Ó ku ọdún kan péré kí ìjà náà pé àádọ́ta ọdún.

Ẹ ó ní kí ló kan ará Ìpájà nínú bésíbọ́ọ̀lù. Ó kàn wá nítorí pé àwa náà rí àgbà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, nílé alámùúlégbè wa níbí. Roger Milla ni mò ń wí.

Orúkọ rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí ọmọ Nàìjíríà. Tonnerre ti Yaoundé, ẹgbẹ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún, ni IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn borí ní 1976 tí wọ́n fi gba ife Áfíríkà fún àwọn tó gba ife nílé, ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife kankan ní gbogbo Áfíríkà. Cameroon gbẹ̀san lára wa, àgbẹ̀san-gbẹ́lé. Ní 1984 ní Abidjan, wọ́n lù wá ní àṣekágbá ife ilẹ̀ Áfíríkà. Ní 1988 ní Casablanca, wọ́n tún lù wá. Milla wà nínú ẹgbẹ́ wọn nígbà méjèèjì. Lẹ́yìn náà ló fẹ̀yìn tì kúrò nínú ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè, ó gba erékùṣù Réunion lọ, ó ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ níbẹ̀. Ààrẹ Paul Biya fúnra rẹ̀ ló ní kó padà wá fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti 1990. Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni.

Ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ni mo jẹ́ nígbà náà. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀, Cameroon ló gba ipò náà mọ́ wa lọ́wọ́. Ọgbẹ́ kan tún wà tó jù ú lọ. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ 1989, nígbà tí a ń bá Angola gbá a ní Sùúrùlérè, Samuel Okwaraji, agbẹjọ́rò, ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, ṣubú lórí pápá, kò sì dìde mọ́. Àyẹ̀wò fi hàn pé ọkàn rẹ̀ tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. N kò sọ pé ìpààrọ̀ ni ì bá gbà á là o. Ohun tí mò ń sọ ni pé láti ọjọ́ náà, ìyá mi kò lè wo agbábọ́ọ̀lù tó bá tẹ̀ ba, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kó máà pariwo pé, "Ẹ jẹ́ kó jáde! Ẹ jẹ́ kó lọ jókòó!"

Ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ni gbogbo ilé wa ń wò lọ́dún náà. Ìdajì kejì ni Milla wọlé nígbà tí wọ́n ń bá Romania gbá a. Ó gbá méjì sáwọ̀n. Wọ́n bá Colombia débi àfikún àkókò, òun tó wọlé ní ìdajì kejì náà ló tún gbá méjì wọlé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó wá lọ ń jó ní ẹ̀gbẹ́ àsíá igun pápá. Àwa ọmọdé fò sókè. Bàbá Télọ̀ tó ń gbé yàrá iwájú kò rẹ́rìn-ín.

"Òjóró nìyẹn," ni ó wí. "Ó jókòó kí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀ fi sáré títí, ó wá yọjú nígbà tó ti rẹ àwọn ọlọ́mọ. Tó bá tó gbangba, kó gbá a látìbẹ̀rẹ̀."

Ìyá mi ní, "Bàbá Télọ̀, ẹ má bínú o. Ta ló ń gán bọ́tìnnì sára aṣọ tí ẹ̀ ń rán?"

"Ọmọṣẹ́ mi ni."

"Ṣé wọ́n wá ń sọ pé aṣọ náà kì í ṣe tiyín?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Télọ̀ ní obìnrin kì í mọ bọ́ọ̀lù, àmọ́ kò rí ìdáhùn gidi fọ̀. Ẹ̀yìn ìyá mi ni mo wà lọ́jọ́ náà, ibẹ̀ náà ni mo ṣì wà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹsẹ̀ Milla kò gbé eré àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọmọdé kan nínú ẹgbẹ́ náà tó mọ ojú ilé bíi tirẹ̀. Góòlù mẹ́rin ló gbá wọlé ní 1990, kò sì bẹ̀rẹ̀ eré kankan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Bàbá Télọ̀ ti wá ń ta mí létí ni bí nǹkan ṣe rí báyìí. Ẹni méjì di mẹ́ta ní 1995. Ní 2014, kóòṣì Netherlands yọ aṣọ́lé rẹ̀ nígbà tí àfikún àkókò fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ó fi Tim Krul sílé nítorí pẹnáritì nìkan. Krul mú méjì, wọ́n sì lé Costa Rica lọ. Ìyẹn dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ní 2020, nítorí kòrónà, wọ́n sọ ọ́ di ẹni márùn-ún kí ara àwọn agbábọ́ọ̀lù lè gbà á, nígbà tó di 2022 wọ́n sọ ọ́ di òfin tó dúró. Ìdajì ẹgbẹ́ nìyẹn! Olówó tó ní ògbóǹtarìgì márùn-ún lórí bẹ́ǹṣì yóò kó gbogbo wọn wọlé lẹ́ẹ̀kan. Ẹgbẹ́ tálákà tí ọmọdé nìkan jókòó sí bẹ́ǹṣì tirẹ̀ yóò máa wòran. Òfin tí wọ́n ṣe nítorí ẹni tó ń tiro ti wá di ohun èlò ẹni tó ní owó. Mẹ́ta tó, jàre, kí wọ́n fi ìkẹrin pamọ́ fún ẹni tó bá forí gbá.

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà 1994, ní Amẹ́ríkà, ìlú oníbésíbọ́ọ̀lù gan-an, Russia ti lu Cameroon ní mẹ́ta sí òdo kí wọ́n tó lọ sinmi ìdajì eré. Ẹni ọdún méjìlélógójì ni Milla. Wọ́n ní kó wọlé. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ tó dé pápá tí bọ́ọ̀lù fi wà nínú àwọ̀n. Mẹ́fà sí ẹyọ kan ni Russia ṣe é nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ẹyọ kan yẹn ló sọ ọ́ di ẹni tó dàgbà jù lọ tó gbá góòlù níbi Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé àwọn ọkùnrin.